IṢẸ́ GBÉ WA DÉ ÀBÚJÁ

Nígbàkúùgbà tí a bá wálé fún ọdún Àjíǹde tàbí ọdún Kérésìmesì, ìbéèrè kan náà ni àwọn bàbá àti ìyá wa nínú ìjọ máa ń bi wá: "Báwo ni Àbújá? Ṣé ẹ ń rí jẹ níbẹ̀? Ṣé ẹ sì ń lọ sí ilé Ọlọ́run?" Ìdáhùn ìbéèrè yìí kò ṣeé ṣe tán lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ìdí nìyí tí a fi jókòó láti kọ ọ́ sílẹ̀, pàápàá nítorí àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ àgùnbánirọ̀, tí ìwé iṣẹ́ sì ti ìlú òkèèrè wá bá wọn, àti nítorí àwọn òbí tí ọkàn wọn kò balẹ̀.

Àwa mẹ́ta ni à ń sọ̀rọ̀ yìí. Obìnrin ni wá. Inú ìjọ kan náà ní Ìbàdàn ni a ti dàgbà, inú ẹgbẹ́ akọrin ọ̀dọ́ kan náà ni a sì ti kọrin. Ní oṣù kìíní ọdún 2018 ni a kó lọ sí Àbújá fún iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí a rí lẹ́yìn ìwé kíkà. Ọ̀kan nínú wa jẹ́ olùkọ́, ọ̀kan jẹ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀kan sì ń ṣe ìṣirò owó. Yàrá kan ṣoṣo ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ gbà.

ỌJỌ́ KAN GBÁKO LÓJÚ Ọ̀NÀ

Bí ọkọ̀ èrò bá gbéra ní Ìbàdàn ní ìdájí, ìrọ̀lẹ́ ni yóò tó wọ Àbújá, ìyẹn bí kò bá bàjẹ́ lọ́nà. Ilé-Ifẹ̀, Iléṣà, Àkúrẹ́ àti Ọ̀wọ̀ ni à ń gbà kọjá. Lẹ́yìn Ọ̀wọ̀, awakọ̀ mìíràn á gba Òkénè, òmíràn á gba Kábà àti Ọbájánà níbi tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ńlá nì wà. Inú ẹni a máa dùn ní agbègbè Kábà, nítorí ọmọ Yorùbá ni wọ́n, àwọn tí à ń pè ní ará Òkun. Èdè wọn yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń ná ọjà, a ó gbọ́ ọ.

Ibi tí gbogbo èrò inú ọkọ̀ ti máa ń jí lójú oorun ni Lọ́kọ́jà. Níbẹ̀ ni odò Ọya àti odò Bẹ́núé ti pàdé. Omi ọ̀kan ṣókùnkùn ju ti èkejì lọ, wọ́n á sì jọ máa lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n tó dàpọ̀. Bí a bá ti dé ibẹ̀, a kì í lè ṣe kí a má rántí Samuel Àjàyí Crowther. Ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821 ni, tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀, tí wọ́n sì mú lọ sí Sàró. Ní 1841, nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ó bá àwọn òyìnbó wọ ọkọ̀ ojú omi gba odò Ọya wá dé àdúgbò yìí. Ibà pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn òyìnbó náà, wọ́n sì padà. Ṣùgbọ́n Crowther tún wá. Ní 1857, wọ́n dá ibùdó ìhìnrere sílẹ̀ ní Gbẹ̀bẹ̀, ní òdìkejì odò sí Lọ́kọ́jà. Ní 1864 ó di bíṣọ́ọ̀bù. Òun ni ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ìtumọ̀ Bíbélì Yorùbá tí àwa àti ẹ̀yin ń kà dòní, èyí tí odindi rẹ̀ parí ní 1884. Iṣẹ́ ni ó gbé òun náà dé ibẹ̀, láàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Nígbà tí a kọ́kọ́ kọjá níbẹ̀ tí ẹ̀rù ń bà wá, ìrántí rẹ̀ fún wa lókun.

Lẹ́yìn Lọ́kọ́jà, ọkọ̀ á gba orí afárá Murtala Mohammed kọjá odò Ọya ní Jamata, yóò sì kọjá Koton Karfe. Láti Abaji ni ilẹ̀ olú ìlú ti bẹ̀rẹ̀. Kwali ló tẹ̀ lé e. Ìlú yìí ni a fi ń pe Ladi Kwali, obìnrin tó ń mọ ìkòkò, ẹni tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ₦20. Kò ka ìwé, amọ̀ ni ó fọwọ́ mọ títí tí ayé fi mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn Kwali ni Gwagwalada, lẹ́yìn náà ni ọ̀nà á fẹ̀, àpáta ńláńlá á sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ lọ́tùn-ún lósì.

BÍ ÀBÚJÁ ṢE DI OLÚ ÌLÚ

Àwọn àgbà ló mọ̀ pé Èkó ni olú ìlú tẹ́lẹ̀. Ní 1975, ìjọba ológun Ọ̀gágun Murtala Mohammed yan ìgbìmọ̀ kan, Adájọ́ Akinọlá Aguda sì ni alága rẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n wádìí bóyá Èkó ṣì lè máa ṣe olú ìlú lọ. Ìgbìmọ̀ náà rí i pé Èkó ti há jù, wọ́n sì dábàá ilẹ̀ kan ní àárín gbùngbùn Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976 ni òfin tó dá olú ìlú tuntun sílẹ̀ jáde. Ọjọ́ mẹ́wàá péré lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn ọjọ́ 13 oṣù kan náà, wọ́n yìnbọn pa Murtala ní Èkó. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá kí ìjọba Babangida tó kó dé Àbújá, ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1991. Ìlú àtijọ́ tó ń jẹ́ Àbújá tẹ́lẹ̀ ni à ń pè ní Suleja báyìí.

Ẹ̀kọ́ wà nínú èyí fún Kristẹni. Dáfídì kó wúrà àti igi jọ fún tẹ́ḿpìlì, Sólómọ́nì ni ó kọ́ ọ. Mósè rí ilẹ̀ ìlérí lókèèrè, Jóṣúà ni ó wọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa ló ta ilẹ̀, tí wọ́n ta aṣọ òkè, kí a lè kàwé, bẹ́ẹ̀ wọn kò mọ ìlú tí ìwé náà yóò gbé wa dé.

ÀWỌN ONÍLẸ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ilẹ̀ Haúsá ni Àbújá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́ ni Haúsá pọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn nínú ọjà, ṣùgbọ́n àwọn Gbagyi, tí à ń pè ní Gwari, wà lára àwọn tó ni ilẹ̀ náà látètèkọ́ṣe. Ẹ ó dá àwọn ìyá wọn mọ̀ lójú pópó, nítorí pé èjìká ni wọ́n fi ń ru ẹrù, wọn kì í gbé e sórí. Wọ́n ní orí ni ọba ara, kò yẹ kí a di igi lé ọba lórí. Nígbà tí ìjọba ń kọ́ ìlú, wọ́n kó àwọn kan nínú wọn kúrò níbi tí ilé ńláńlá wà báyìí, wọ́n sì fún wọn ní ibòmíràn. Kúbwà, níbi tí àwa gbé, wà lára àwọn ibi tí wọ́n kó wọn sí.

Ìyá Gbagyi kan ló ń ta iṣu lẹ́nu ọ̀nà àdúgbò wa. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, a kò gbọ́ èdè ara wa, ìka ni a fi ń ná ọjà. Bí a bá ra mẹ́ta, yóò fi kékeré kan lé e. Lẹ́yìn tí a ti mọ "sannu" àti "na gode", èyí tí í ṣe ìkíni àti ìdúpẹ́ ní èdè Haúsá, ó bẹ̀rẹ̀ sí pè wá ní ọmọ òun. A wá mọ̀ pé àlejò kò gbọdọ̀ máa rìn bí ẹni tó ni ilé. Àwọn kan ti fi ilẹ̀ bàbá wọn sílẹ̀ kí ọ́fíìsì tí à ń wá iṣẹ́ lọ tó lè dìde.

ILÉ GBÍGBÀ ÀTI ỌKỌ̀ WÍWỌ̀

Ní àárín Àbújá, bíi Maitama àti Asokoro, àwọn olówó àti àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè ló ń gbé ibẹ̀. Òṣìṣẹ́ kékeré kò lè san owó ilé níbẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ṣe ń gbé ní ẹ̀yìn odi: Kúbwà, Lugbe, Nyanya, Gwagwalada, tàbí Mararaba tó ti bọ́ sí ìpínlẹ̀ Nasarawa. Àárọ̀ ni gbogbo wọn ń ya wọ àárín ìlú, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sì ń ya jáde. Ẹni tó ń bọ̀ láti Mararaba lè lo wákàtí méjì nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọkọ̀ láti débi iṣẹ́.

Yàrá tí a gbà ní Kúbwà ní ilé ìwẹ̀ àti ìdáná tirẹ̀. ₦240,000 ni owó rẹ̀ fún ọdún kan, kò sì sí pé à ń san án lóṣooṣù. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni a san án, pẹ̀lú owó ajẹ́ńtì àti owó ìwé àdéhùn. Owó oṣù olùkọ́ nínú wa jẹ́ ₦45,000, ti nọ́ọ̀sì jẹ́ ₦60,000, ti oníṣirò owó sì jẹ́ ₦70,000. Bí kì í bá ṣe pé a jọ gbé e ni, kò sí ẹni tí ì bá lè dá a san nínú wa. Àpótí mílíìkì kan ni a fi ṣe àpótí owó. Bí owó oṣù bá ti dé, ìdámẹ́wàá á kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà owó ilé, lẹ́yìn náà owó oúnjẹ, lẹ́yìn náà èyí tí olúkúlùkù fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé. Ìyókù ni a fi ń wọ ọkọ̀.

Ti ọkọ̀ ní ọgbọ́n tirẹ̀. Láti 2006 ni ìjọba ti ní kí ọ̀kadà má ṣe wọ àárín ìlú mọ́. Bọ́ọ̀sì ńlá kan wà tí àwọn ará Nyanya ń pè ní "El-Rufai", orúkọ ẹni tó jẹ́ mínísítà Àbújá láti 2003 sí 2007. Takisí aláwọ̀ ewé náà wà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan wà tí kì í ṣe takisí, tí yóò rọra dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín pẹ̀lú èrò méjì tàbí mẹ́ta nínú rẹ̀. Àwọn olè ni wọ́n, àwọn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí "wan-ṣáǹsì". Wọ́n gba báàgì àti fóònù nọ́ọ̀sì wa ní alẹ́ ọjọ́ kan ní 2018, wọ́n sì já a sílẹ̀ lójú títì. Ọpẹ́lọpẹ́ Olúwa, ẹ̀mí kò lọ sí i. Láti ọjọ́ náà, a ṣe é ní òfin pé ẹnikẹ́ni tó bá wọ ọkọ̀ lẹ́yìn aago méje alẹ́ gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà ọkọ̀ náà ránṣẹ́ sí àwọn tó kù.

Ọ̀RỌ̀ ÌWÉ RÌSÍÌTÌ

Èyí ni ohun tó dán wa wò jù. Ilé iṣẹ́ aládàáni kan tó ń ta ohun èlò ọ́fíìsì ni oníṣirò owó nínú wa ń bá ṣiṣẹ́. Ní oṣù kejì ọdún 2019, ọ̀gá rẹ̀ pè é, ó ní kí ó kọ rìsíìtì ₦1,400,000 fún ọjà tí kò ju ₦600,000 lọ, kí ó sì fọwọ́ sí i. Ọ̀gá náà kò bú u, kò sì pariwo. Ó kàn ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Àbújá nìyẹn, àti pé ìpín rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ó tọrọ ààyè di ọjọ́ kejì. Ní alẹ́ náà, iná kò sí, a tan àbẹ́là. A kò kọ́kọ́ fi ohùn kan sọ̀rọ̀. Ọ̀kan ní kí ó kọ̀ jálẹ̀. Ọ̀kan ní kí ó bẹ ọ̀gá kí ó gbé e fún ẹlòmíràn, nítorí owó ilé tó kù díẹ̀ kí a tún san. Òun fúnra rẹ̀ dákẹ́. Ó ní bàbá òun ń retí owó oògùn ìfúnpá ní òpin oṣù, òun kò sì mọ ohun tí òun yóò sọ fún un. A ka ìtàn Jósẹ́fù nínú Jẹ́nẹ́sísì 39, a sì ṣàkíyèsí pé nígbà tí Jósẹ́fù sá fún ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni ó bá, kì í ṣe ààfin. Ààfin ṣì jìnnà. A gbàdúrà, a sì sùn.

Ní òwúrọ̀, ó lọ kúnlẹ̀ kí ọ̀gá rẹ̀, ó sì sọ fún un pé òun kò lè fọwọ́ sí i. Ọ̀gá náà ní kò burú. Nígbà tí oṣù parí, wọ́n fún un ní ìwé pé wọn kò nílò rẹ̀ mọ́.

Oṣù márùn-ún ni kò fi níṣẹ́ lọ́wọ́. Àwa méjì tó kù ni a san owó ilé lọ́dún náà, a sì dá owó oògùn bàbá rẹ̀ mọ́ tiwa. Òun náà kò káwọ́ gbera. Ó ń po fúláwà, ó ń din ṣin-ṣin, ó ń dì í sínú ọ̀rá kéékèèké, nọ́ọ̀sì sì ń gbé e lọ tà fún àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní oṣù keje, ó rí iṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan, ₦45,000 lóṣù. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: owó náà kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó gbà láti fọwọ́ sí rìsíìtì náà sì ti ra ọkọ̀, a ò gbọ́ pé ohunkóhun ṣe é. A kò ní fi iṣẹ́ ìyanu tí kò ṣẹlẹ̀ kún ọ̀rọ̀ wa. Ẹni tó kọ Orin Dáfídì 73 mọ irú ìnira yìí. Ohun tí a lè jẹ́rìí sí ni pé arábìnrin wa ń sùn lóru, nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sì kanlẹ̀kùn, kì í fò sókè.

ỌDÚN 2020

Ní òpin oṣù kẹta ọdún 2020, ìjọba ní kí gbogbo ènìyàn jókòó sílé ní Àbújá nítorí àrùn kòrónà. Ilé ìwé tí olùkọ́ wa ti ń ṣiṣẹ́ tì, wọn kò sì san kọ́bọ̀ fún un títí ilé ìwé fi tún ṣí. Ilé ìtẹ̀wé náà tì. Nọ́ọ̀sì nìkan ló ń jáde, ẹ̀rù sì ń bà wá nígbàkúùgbà tó bá ń wọlé. Àwọn òbí wa ń pè láti Ìbàdàn pé kí a padà wálé, ṣùgbọ́n ìjọba ti fòfin de ìrìn àjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn.

Nígbà náà ni ṣin-ṣin tí à ń fi ojú kékeré wò di oúnjẹ wa. Àwọn ará àdúgbò ń rà á lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí a fi owó wa gbé ró ní 2019 ni ó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ wa ní 2020. Bí ó bá fọwọ́ sí rìsíìtì náà ni, kì bá tí kọ́ iṣẹ́ yẹn. A kò sọ pé nítorí èyí ni Ọlọ́run ṣe jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ bọ́, ṣùgbọ́n a jẹ nínú rẹ̀, a sì yó. Aládùúgbò wa kan tó jẹ́ Mùsùlùmí láti Kàtsínà sì gbé ìrẹsì wá fún wa nígbà ààwẹ̀ rẹ̀. Kò béèrè ìjọ tí à ń lọ.

ỌJỌ́ ÌSINMI

Ẹ bi wá bóyá à ń lọ sí ilé Ọlọ́run. Bẹ́ẹ̀ ni. Ilé Ọlọ́run kò wọ́n ní Àbújá. Bí ènìyàn bá wà ní àárín ìlú, yóò rí ilé ìsìn ńlá ti gbogbo Kristẹni, èyí tí wọ́n yà sí mímọ́ ní 2005, kò sì jìnnà sí mọ́ṣáláṣí ńlá olórí góòlù. Ohun tó ń dín ènìyàn kù ni àárẹ̀. Ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin àárọ̀ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, tó fi ọjọ́ Àbámẹ́ta lọ ọjà, ọjọ́ Ìsinmi ni aṣọ fífọ̀ á kù sí. Ọ̀sẹ̀ kan á di mẹ́ta, mẹ́ta á di oṣù mẹ́fà. A mọ àwọn tó jẹ́ aṣáájú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ nílé, tí wọ́n lo ọdún méjì ní Àbújá láìmọ orúkọ pásítọ̀ kankan níbẹ̀.

Ohun tó gbà wá ni pé a wá ìjọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí a tó ra ibùsùn. Ìjọ kékeré ni, ìsìn Yorùbá wà níbẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtù. Ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ gbọ́ orin Yorùbá níbẹ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sunkún. Ìyá kan nínú ìjọ náà gbé àmàlà fún wa lẹ́yìn ìsìn, ó sì gba nọ́ńbà wa. Òun ni ó ń pè bí a bá pa ìpàdé ilé jẹ.

NÍGBÀ TÍ OMI DÍ Ọ̀NÀ

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, wọ́n pe olùkọ́ nínú wa láti Ìbàdàn pé ìyá rẹ̀ wà ní ọsibítù, kí ó tètè máa bọ̀. Àkókò náà gan-an ni odò Ọya kún àkúnya ní agbègbè Lọ́kọ́jà, gẹ́gẹ́ bó ti ṣe ní 2012. Omi bo ojú ọ̀nà ní Koton Karfe. Àwọn ọkọ̀ tó ti wọ ibẹ̀ sun ọjọ́ lójú kan, kò sí iwájú, kò sí ẹ̀yìn.

A gba ọ̀nà kejì. Ọ̀nà yìí gba Suleja, ẹ̀bá àpáta Zuma, ó sì lọ sí Bídà àti Mokwa, ìlú tí omi tún wá pa ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú rẹ̀ ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2025. Ihò ojú ọ̀nà pọ̀ débi pé ọkọ̀ ń rìn bí ìgbín. Ọ̀kan nínú wa tẹ̀ lé e kí ó má baà dá lọ, èkejì dúró láti wá owó tí a ó fi ránṣẹ́ sí ọsibítù. Ní Jẹ́bà, ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí a gun afárá odò Ọya. Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́, ìdájí ni a wọ Ìbàdàn.

Ìyá náà mọ̀ ọ́n. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó béèrè bóyá ó ti jẹun. Wọ́n jọ gbàdúrà ní àárọ̀ yẹn àti ní àárọ̀ kejì. Ní ọjọ́ kẹta, Màmá sùn nínú Olúwa. Ọjọ́ méjì ni Ọlọ́run fún ọmọ rẹ̀. Àwọn mìíràn wà lójú ọ̀nà Koton Karfe tí wọn kò rí ọjọ́ kan. Láti ìgbà náà, a kì í jẹ́ kí ọjọ́ Ìsinmi kan kọjá kí a má pe àwọn òbí wa, kì í ṣe láti sọ ti owó, bí kò ṣe láti gbọ́ ohùn wọn.

ÌMỌ̀RÀN WA

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń lọ síbi iṣẹ́ àkọ́kọ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbọ́ díẹ̀ lẹ́nu wa:

1. Ẹ má dá lọ bí ẹ bá lè rí ẹni bá lọ. Ẹ bá ẹni tí ẹ mọ ìwà rẹ̀ gba ilé, kí ẹ sì kọ àdéhùn owó sílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ọ̀rẹ́ kì í bàjẹ́ nítorí ìwé àdéhùn, àìsí rẹ̀ ní í bà á jẹ́.

2. Ẹ wá ìjọ kí ẹ tó wá àga.

3. Ẹ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan mọ́ ìwé yín. Owó epo bẹntiróòlù tó wà ní bíi ₦195 kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀ ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ sì fò sókè. Owó oṣù nìkan kò gbà wá lọ́jọ́ náà.

4. Ẹ pinnu ohun tí ẹ kò ní fọwọ́ sí kí wọ́n tó gbé e síwájú yín. Dáníẹ́lì ti pinnu nínú ọkàn rẹ̀ kí oúnjẹ ọba tó dé.

5. Ẹ kí àwọn onílẹ̀, ẹ kọ́ ìkíni wọn, ẹ sì máa gbàdúrà fún ìlú wọn. Ẹ ka Jeremáyà 29, ẹ ó rí ohun tí wòlíì náà kọ sí àwọn tí wọ́n kó lọ sí Bábílónì nípa ìlú tí wọ́n bá ara wọn.

Ẹ̀yin òbí wa, a dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀. Ẹ má ṣe rò pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá ti di olówó. Bí ọmọ bá ní kò sí, ẹ gbà á gbọ́, kí ìtìjú má baà lé e síbi ìwé rìsíìtì. Ẹ̀yin pásítọ̀ wa, bí ọ̀dọ́ kan bá ń kúrò nínú ìjọ lọ sí ìlú òkèèrè, ẹ má ṣe fi mọ sí àdúrà ìdágbére. Ẹ wá nọ́ńbà ẹnì kan níbẹ̀ fún un, kí ẹ sì pè é ní oṣù kejì.

Lónìí, méjì nínú wa ti wọ ilé ọkọ, ọ̀kan wà ní Lugbe, ọ̀kan wà ní Gwagwalada. Olùkọ́ ṣì wà ní Kúbwà, ó ti rí iṣẹ́ ní ilé ìwé mìíràn. Oníṣirò owó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré tirẹ̀ báyìí, ó sì ń din ṣin-ṣin níbẹ̀. Ní ti yàrá tí a gbà ní 2018, a kò dá a padà fún onílé. Àwọn arábìnrin méjì láti ìjọ wa ló ń bá olùkọ́ gbé e láti 2024, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ló gbé àwọn náà dé. Àpótí mílíìkì nì ṣì wà lórí tábìlì. Bí ọmọ yín bá ń bọ̀, ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìjọ kí wọ́n fi tó wa létí. Ẹnì kan ṣì lè gba inú yàrá náà.

Olúwa yóò máa ṣọ́ àlọ wa àti àbọ̀ wa. Àmín.